Àmì Ìsàlẹ̀

Nílé kéú ní Pàkátà ni bàbá mi ti kọ́kọ́ mọ ìwé,
lórí wàláà, láti ọ̀tún bọ̀ sósì.
Ìdí nìyẹn tí kò fi rú u lójú
nígbà tí wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ìdí-Àpẹ́,
tó bá àwọn lẹ́tà òjé nínú àpótí,
gbogbo wọn kẹ̀yìn síni bí ìyàwó tó ń bínú.
Yínúsà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀ yín."

Òjé wúwo. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ fúyẹ́
kò tíì gbé ojú ewé kan láti orí tábìlì dé ẹnu ẹ̀rọ.
Okùn ni wọ́n fi ń dì í. Bí okùn bá já,
kéèyàn jókòó sílẹ̀, kó máa ṣa á
bí ẹní ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà.

Lọ́dún tí sobìyà há àwọn ará abúlé mọ́lé lọ́nà Afọ̀n,
tí àgbẹ̀ jókòó wo iṣu tó ń jẹrà nínú ebè,
tí tíṣà ń pe orúkọ, tí àga ń dáhùn,
àwọn kan ti fi awò wo omi odò,
wọ́n ti rí kòkòrò tó pọn ọmọ sobìyà kiri,
kékeré tó jẹ́ pé òpó ni abẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́.
Dọ́káàsì Ẹniayéwù, tíṣà kan ní Ajásẹ̀, ló túmọ̀ rẹ̀:
Ẹ FI AṢỌ SẸ́ OMI KÍ Ẹ TÓ MU Ú.
Ìwé pélébé, ojú ewé mẹ́jọ.

Ní ojú ewé kẹfà, Ẹ tán.
Kì í ṣe E. Ẹ. Èyí tó ní ẹ̀ṣọ́ nísàlẹ̀.
Àwọn tó rọ lẹ́tà náà lókè òkun kò mọ̀
pé èdè kan wà tó ń jẹ Ẹ bí ẹní jẹ gúgúrú.
Ọ̀gá ní, "Fi E lásán sí i, wọ́n á mọ̀."
Yínúsà ní, "Ọ̀gá, bí a bá yọ àmì yìí,
a ò sọ pé kí wọ́n sẹ́ omi mọ́,
a ní kí wọ́n sé e.
Ta ni yóò lọ sé odò Asà?"

Ó yọ́ òjé àwọn lẹ́tà tó ti fọ́ nínú agolo mílíìkì,
ó fi abẹ́rẹ́ kán an mọ́dìí E, lọ́kọ̀ọ̀kan,
èkìdá òjé tí kò tó ojú èèrà.
Òru mẹ́rin. Kò sí kọ́bọ̀ fún un lára owó oṣù.
Láti ìgbà náà ni ojú ọ̀tún rẹ̀
ti ń wo ayé bí ẹní wà nínú èéfín.

Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì ní Òmù-Àrán,
wọ́n ka orúkọ àwọn tó lé sobìyà lọ fún wa.
Ti dókítà wà. Ti àjọ tó náwó wà.
Ti télọ̀ tó rán asẹ́ kò sí.
Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé náà, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n fi bàbá mi sí.
Ibẹ̀ funfun.

Lánàá, Mubárákù ọmọ mi kọ̀wé sí i lórí fóònù láti Màlété:
"Baba, mo ti fi owo ranse."
Bàbá gbé e súnmọ́ ojú òsì.
"Ọwọ́ ni, àbí ọwọ̀? Àbí òwò?
Bó bá jẹ́ ọ̀wọ̀, ẹ sọ fún un pé ó ti pẹ́."

Mo bá a tẹ èsì. Mo wá àmì títí, mo rí i,
mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ibi tó yẹ.
Ni fóònù bá fa ìlà pupa wọ́gọwọ̀gọ sábẹ́ gbogbo rẹ̀,
àṣìṣe, àṣìṣe, dé òpin.
Inú ń bí mi. Bàbá dì mí lọ́wọ́ mú,
ó wò ó bí ọ̀gá ṣe ń wo iṣẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù.
"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Ó ti mọ̀ pé nǹkan yẹ kó wà nísàlẹ̀.
Ó kàn fà á gùn jù ni."